Ọkùnrin tí iná jó nínú àtìmọ́lé: ohun tí ẹ fò nínú Tatort

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí àwọn eré ọlọ́pàá tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí akọ̀wé yín ti yin Tatort ti ilẹ̀ Jámánì pé ó ń fi hàn bí ọlọ́pàá tí ó mọṣẹ́ ṣe ń tú àṣírí ọ̀daràn. N kò bá a jiyàn pé eré náà dára. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ní Jámánì kí n tó padà sí Ìbàdàn, orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì wà létí mi títí di òní. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú eré yìí tí ó yẹ kí ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ mẹ́nu bà, òun gan-an ni akọ̀wé yín sì fò. Wọ́n pè é ní Verbrannt, ìyẹn Ó Ti Jóná, wọ́n sì ṣàfihàn rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2015.

Ẹni tí kò bá gbé níbẹ̀ rí lè má mọ bí Tatort ṣe wọ ilé wọn tó. Ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1970 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá tirẹ̀ àti ìlú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí ń wò àti ẹsẹ̀ tí ń sáré ní ìbẹ̀rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí aago mẹ́jọ bá ti lé ní ìṣẹ́jú 15, àwọn mìíràn a pé jọ sí ilé ọtí wò ó, bó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á máa jiyàn lé e lórí níbi iṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí eré yìí bá sọ ń dé ilé ẹni tí kì í ka ìwé ìròyìn rárá.

Nínú Verbrannt, Wotan Wilke Möhring àti Petra Schmidt-Schaller ni Falke àti Lorenz, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n wá sí ìlú Salzgitter nítorí ayédèrú ìwé ìrìnnà. Wọ́n mú ọmọ Áfíríkà kan tí ń wá ibi ìsádi, wọn kò mú un tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ìlú náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá nínú àtìmọ́lé, ó ti jóná. Ìyókù eré náà ni bí àwọn méjèèjì ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti pa ẹnu pọ̀.

Pálọ̀ ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti wò ó. Ìyá yìí a máa gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì sórí pákó pẹlẹbẹ kan ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a sì máa pariwo orúkọ apànìyàn kí ọlọ́pàá tó mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iná náà délẹ̀, ó dá búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ padà sórí pákó, ó sì bi mí bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Mo ní ó ṣẹlẹ̀, ní ìlú Dessau, nílẹ̀ yìí kan náà. Jámánì ni a bí ìyá àgbà yìí sí, ibẹ̀ ló sì gbó sí. Kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá Dessau mú Oury Jalloh, ọmọ Sierra Leone, ẹni ọdún 36. Wọ́n gbé e sí yàrá àtìmọ́lé karùn-ún, wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ sórí fóòmù tí wọ́n fi ohun tí iná kì í ràn bọ̀rọ̀ bò. Ní nǹkan bí ọ̀sán gangan, iná sọ. Aago ìkìlọ̀ èéfín dún, ọ̀gá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pa á. Ó tún dún, ó tún pa á. Wọ́n ní láítà ni ọkùnrin náà fi dáná sun ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láítà ọ̀hún kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ pé àwọn bá nínú yàrá náà, ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni ó tó hàn.

Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ Dessau dá ọlọ́pàá méjì tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sílẹ̀. Ní 2010, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ wọ́gi lé ìdájọ́ náà nípa ọ̀kan nínú wọn, ní oṣù kejìlá 2012 ilé ẹjọ́ Magdeburg sì dá a lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọkùnrin náà kú. Owó ìtanràn 10,800 Yúrò ni wọ́n ní kí ó san. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Halle pa fáìlì náà dé ní 2017, nígbà tí ó sì di 2023, ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ náà kéde pé òun kò gba ẹ̀bẹ̀ arákùnrin olóògbé wọlé.

Mo yin Verbrannt nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹni tí ń jẹ búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Síbẹ̀, ohun kan dùn mí nínú rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ọlọ́pàá méjì ni eré náà gùn lé. Ìrora tiwọn ni a mọ̀ délé-délé, òkú fúnra rẹ̀ kò rí àyè sọ̀rọ̀. Ìyá Oury Jalloh wọ ọkọ̀ òfurufú láti Guinea wá sí Jámánì nítorí ẹjọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì kú kí ilé ẹjọ́ Magdeburg tó dá ẹjọ́ tirẹ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á rí nínú eré náà, kí á gbọ́ èdè rẹ̀, kí á mọ ohun tí ó di sínú àpò rẹ̀ wá.

N kò kọ èyí láti ba àwọn ọlọ́pàá Jámánì jẹ́ pátá. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tí èmi nìkan, nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún fọ́fọ́, jẹ́ ẹni tí wọ́n ní kí ó mú ìwé wá. Ní oṣù karùn-ún 2011, ọlọ́pàá yìnbọn pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba ní Frankfurt, nígbà tí ó wá bèèrè owó tí yóò fi jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ní òǹkàwé tí ọmọ wọn ń gbé níbẹ̀, bí ẹ bá ní kí wọ́n wo Tatort nítorí ọlọ́pàá rere inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa èyí pẹ̀lú.

Ní gbogbo ọjọ́ 7 oṣù kìíní, àwọn ènìyàn ń pé jọ ní Dessau láti rántí Oury Jalloh. Bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gé orúkọ Oury Jalloh kúrò nínú rẹ̀ nítorí àyè.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Ìbàdàn