Àbẹ̀kẹ́, mo ti wá mọ ohun tí ojú rẹ rí

Lugbe, Abuja
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù ti dé lọ́dọ̀ yín. Níbí, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, ètè mi ti ń là. Má bínú pé mi ò fèsì láti ìgbà yìí. Ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu mi, kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ sínú fóònù nígbà tí iná bá ń ṣe ségesège.

Kí n tètè sọ èyí tó kù: Rísí ti bímọ, ìbejì ni, takọtabo. Wọ́n ti gbé Bàbá Tọ́ba lọ sí Mínnà, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Ti owó epo, má wulẹ̀ bi mí.

Àbẹ̀kẹ́, mo lọ sí Istanbul.

Má tíì pariwo. Owó àjọ mi ni mo ná. Èmi àti Bùnmi ibi iṣẹ́ wa la jọ gbèrò ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré, ká lọ fún ojú lóúnjẹ. Físà tèmi jáde, tiẹ̀ ò jáde, owó tíkẹ́ẹ̀tì ò sì ṣe é gbà padà. Bí mo ṣe dá wọ bàálù láti Abuja nìyẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé ṣebí bá a ṣe wọ Kano nígbà àgùnbánirọ̀ náà nìyẹn, tá ò gbọ́ ju “sannu” lọ, kó tó di pé à ń ná ọjà ní Sabon Gari bí ọmọ onílé. Inú bàálù ni mo ti rántí pé àwa méjì la jọ wà nígbà yẹn, ìwọ lo sì máa ń kọ́kọ́ la ẹnu.

Ohun tó kọ́kọ́ tàn mí jẹ ni pé mo lè ka èdè wọn. ABD tí à ń kọ ni wọ́n ń kọ. Ọdún 1928 ni Atatürk, olórí ilẹ̀ Túrkì nígbà yẹn, ní kí wọ́n pa lẹ́tà Lárúbáwá tì. Kódà wọ́n ní ṣ tiwa, ìrù kékeré ni tiwọn fi dípò àmì abẹ́ ẹ̀. Gbogbo pátákó tó wà láti pápákọ̀ òfúrufú títí dé Laleli ni mo kà pátá, bí ọmọ ilé-kéwú tó ń ké wàláà, mi ò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan. Wọ́n á tún máa to ọ̀rọ̀ léra bí ẹni to abọ́. Evlerimizde: gbogbo ìyẹn ni “nínú àwọn ilé wa”. Ta ló fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ irú ẹ̀?

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Laleli, mo gbọ́ “abi! abi!” Ọkàn mi fò. Mo yíjú, mo ní ọmọ Yorùbá kan ló ń bá ẹnì kan jiyàn nítòsí. Àṣé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni “abla”. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi náà ti di abla, ó sì dùn mọ́ mi ju màdáàmù tí wọ́n ń pè wá níbí lọ.

Lálẹ́, mo béèrè ata. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan wá tó rí pupa dáadáa, kò ta lẹ́nu rárá. Mo ní “ata, ata”, mo ń fọwọ́ fẹ́ ẹnu mi. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ń wò mí, ó ronú, ó wá nawọ́ sí àwòrán tó wà lára ògiri. Atatürk! Bàbá ni “ata” lédè wọn, baba àwọn ará Túrkì ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Àwọn èèyàn tó sọ ẹni tó dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní Ata, wọn ò fi ata sọ́bẹ̀. Mo tún rí ohun mímu funfun kan nínú ife, mo ní nọ́nọ̀ rèé, mo gbé e sẹ́nu. Iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Iyọ̀!

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà ni ti Kapalıçarşı, ọjà ńlá tó wà lábẹ́ òrùlé, tó wà láti ayé Sultan Mehmed Kejì, tí ṣọ́ọ̀bù inú ẹ̀ tó bí 4,000. Mo rí síkáàfù kan, mo béèrè búlúù. Ọkùnrin náà gbé àgbọ̀n sókè, ó gbójú sókè, ó ní “tch”. Pòṣé! Sí èmi! Mo ti ń wá Háúsá tí màá fi bú u, kí n tó rí i pé bó ṣe ń ṣe sí gbogbo oníbàárà nìyẹn. “Kò sí” ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á fẹnu sọ ọ́, á ní “hayır”. Létí èmi tí mo gbọ́ Háúsá, “alheri” ló ń ró, oore. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń sọ fún mi pé rárá.

Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń bá pàdé bí ẹni rí ojúlùmọ̀ ní gáréèjì ìlú òkèèrè. Vakit: wákàtí. Sebep: sábàbí. Bereket: àlùbáríkà. Sabun: sabulu. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ, wọ́n á ní “afiyet olsun”, mo ṣáà gbọ́ àlàáfíà nínú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni gbogbo wa ti yá a, ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ kálukú ló yàtọ̀. Àmọ́ èèyàn ò lè fi àlàáfíà àti àlùbáríkà béèrè ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ lọ wo ààfin Topkapı, níbi tí àwọn Sultan wọn gbé fún bí 400 ọdún. Mo wo máàpù tíráàmù T1, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro wọn, mo rí Topkapı gbàgàdà. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó bí ọba. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí ààfin. Ògiri ìlú àtijọ́ ni mo rí, àti títì márosẹ̀, àti bọ́ọ̀sì lọ́kan-ò-jọ̀kan. Orúkọ kan náà ni, ibi méjì ni. Ààfin wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ní apá Gülhane, mo sì ti fi ọ̀nà jìn sí i. Dátà mi ti tán, Google Translate ń yí roboto lásán, òjò sì ń kán.

Ìyá àgbà kan jókòó níbẹ̀, ó gbé báàgì àlùbọ́sà eléwé lé itan. Mo ní “saray?”, ìyẹn ààfin. Ìyá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ní nǹkan kan, mo mi orí. Ó tún un bi, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó wá dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi tí mo là sílẹ̀ yẹn, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tí mo gbọ́. Ó dìde. Ó gbé àlùbọ́sà sí apá kan, ó fi ọwọ́ kejì dì mí mú: “gel, kızım, gel”, máa bọ̀, ọmọ mi. Ó mú mi sọdá sí òdìkejì, ó dúró tì mí títí tíráàmù fi dé, ó wá fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ nínú ẹ̀, bí ẹni fi ẹrù rán awakọ̀. Teşekkür ederim ni ọpẹ́ lédè wọn. Lọ́jọ́ yẹn ó gùn ju ẹnu mi lọ. Mo kúnlẹ̀. Ní ibùdókọ̀, nínú òjò, gbogbo èrò ń wò. Ìyá gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń kán lára àlùbọ́sà ẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Mo dé ààfin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń tì í.

Mo bá ti ara mi lọ, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Eminönü sí Kadıköy, láti Yúróòpù bọ́ sí Éṣíà, àwọn ẹyẹ òkun ń já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ èrò. Ara tù mí níbẹ̀. Ẹyẹ ò bi mí ní nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí rẹ. Òtútù àkọ́kọ́ tó o lò ní Hamburg, o pè mí, ò ń sunkún nítorí ohun tí obìnrin ibi ìsanwó sọ tó ò gbọ́, tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ ń mí kanlẹ̀. Mo ní kó o má ṣe àṣejù, ṣebí oṣù mẹ́ta lo fi gbọ́ Háúsá. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. O ní kí n dúró ná, ò ń sebẹ̀, o gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná lọ́jọ́ yẹn, àbí? Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Mo délé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bá Màmá lórí àga wọn ní bákónì, níbi tí wọ́n ń jókòó sí látìgbà tí a ti kó wọn wá láti Ìbàdàn lóṣù Kẹta. Mai gadi wa ń gbé omi kọjá, ó fi Háúsá kí wọn, “Mama, ina wuni?” Màmá mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Tọ́ba fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n tún mi orí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì jẹun. Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ kúrò lójú tèmi ni.

Màmá o! Ẹni tí a máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti Ọjà'ba kó tó dé iwájú ilé. Èmi ń jáde láago márùn-ún àbọ̀ nítorí gosiló, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé. Àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá, wọn ò fọ̀ ọ́, èmi ni mo sì fà á, èmi tí mo ní kí Gẹ̀ẹ́sì wọn kọ́kọ́ dúró. Mo ti ń rò pé ọjọ́ orí ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo tiẹ̀ gbé wọn lọ rí dókítà lórí ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ti àwọn ọmọkùnrin Eminönü tó ń kiri omi tútù. “Su” ni wọ́n ń pe omi. Mo ní, Màmá, wọ́n kàn ń pariwo ní gbangba ìlú ni, “su! su!” O mọ Màmá, ará Ìbàdàn pọ́ńbélé, wọn ò pe ṣ rí láyé wọn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Kí èèyàn su síbo?” Ẹ̀rín bá bẹ́. Wọ́n rín títí gèlè fi yẹ̀ lórí wọn, ikọ́ mú wọn. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọ́n á ní ká bu su wá. Ìrètí ọmọ mi náà ń sá kiri ilé, ó ń bi wọ́n ní Yorùbá bóyá wọ́n fẹ́ su.

Àmọ́ àwàdà ẹyọ kan ò lè gbọ́ bùkátà oṣù kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti padà sórí àga.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Jọ̀ọ́, máa pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí aago mẹ́rin tiwa. Màmá ni kó o pè o, kì í ṣe èmi. Fóònù kékeré yẹn náà ni, nọ́ńbà ò yí padà. Má fọ Yorùbá rédíò sí wọn létí, fọ Ìbàdàn, kí ẹ jọ bú àwọn tí ẹ jọ máa ń bú. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ àti ilẹ̀ yẹn ò tíì tán, jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tó dé fún ọ. Tí wọ́n bá ní dáadáa làwọn wà, má tíì gbé fóònù sílẹ̀, tún wọn bi. Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ, wọ́n á ní mo ti ń tọrọ èèyàn kiri fún àwọn.

Síkáàfù rẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ń wá ẹni tó ń bọ̀ ní Jámánì. Pupa ni o. Búlúù, wọ́n ní “tch”.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àsàkẹ́