Ẹ dín jíjìn púùlù kù, ẹ má dín irin àti fẹ́ǹsì kù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ púùlù ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ sọ, èyí téèyàn fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ nínú ẹ̀ kára ẹ̀ lè le, kì í ṣe ti fáàrí. Ó ń dùn mí pé tówó ò bá pọ̀, àwọn èèyàn á ní àwọn ò ṣe mọ́, àbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n wá lọ ṣẹ́wó kù níbi tí ò yẹ rárá.

Jíjìn ló ń jẹ owó jù. Bẹ́ ẹ bá sọ jíjìn púùlù di ìlọ́po méjì, agbára tómi fi ń ti ògiri á di ìlọ́po mẹ́rin, irin á pọ̀ sí i, kọnkéré á nípọn sí i, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa gbẹ́ kó dànù náà á pọ̀ sí i. Kí lẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bọ̀ fẹ́ fi omi tó mù ún dórí ṣe? Mítà 1.2 ti tó àgbàlagbà láti yí po lábẹ́ omi kó sì fẹsẹ̀ ti ògiri padà, tó bá rẹ̀ ẹ́, á dìde dúró ni. Kó jìn dọ́gba látòkèdélẹ̀, kẹ́nì kankan má ṣáà forí bẹ́ sínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Púùlù tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní 2.5, tó jìn ní 1.2, lítà 45,000 lomi ẹ̀. Èyí tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní 5, tí jíjìn ẹ̀ tá a bá dọ́gbọ́n pín in jẹ́ 1.8, lítà 90,000 ni, ìlọ́po méjì gééré, ẹ ò sì tíì lúwẹ̀ẹ́ jìnnà tẹ́ ẹ fi máa kan ògiri! Fílítà, pọ́ǹpù, kilorínì, bómi bá ṣe pọ̀ tó ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Tílẹ̀ yín ò bá gùn, mítà 5 náà ṣe é lò, ẹ de okùn tó ń fà mọ́ ìbàdí, kẹ́ ẹ so ìdí ẹ̀ mọ́ òpó lẹ́yìn yín, ẹ ó máa lúwẹ̀ẹ́ lójú kan náà.

Ẹ má ṣe kọ́rọ̀kọ́rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kó gún régé, àkàbà irin dípò àtẹ̀gùn kọnkéré, táìsì sí etí omi nìkan. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìlà dúdú nísàlẹ̀ láàárín gbùngbùn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kó dúró nígbà tó bá ku mítà 2 kó kan ògiri, kẹ́ ẹ wá fi ìlà kékeré dábùú ẹ̀, ẹni tó dojú bolẹ̀ á ti mọ̀ pé ó ti tó àsìkò láti yí. Ní ti pọ́ǹpù, ẹ wá èyí tí wọ́n lè dín eré ẹ̀ kù, torí tó bá ń sáré ní ìdajì, iná tó máa jẹ ò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ, ẹ kàn jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ sí i. Ẹ sì máa fi nǹkan bo omi tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó, kí oòrùn àti atẹ́gùn má máa gbé e lọ.

Owó irin inú kọnkéré ni kẹ́ ẹ má dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹnjiníà tó máa wò ó bóyá omi ilẹ̀ sún mọ́ òkè, torí púùlù tí wọ́n fa omi ẹ̀ gbẹ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè léfòó jáde láti inú ilẹ̀, òótọ́ ni mo ń sọ. Ihò tómi ń gbà wọ páìpù nísàlẹ̀, kó jẹ́ méjì tó jìnnà síra, kí ọ̀kan ṣoṣo má lọ fa èèyàn mọ́lẹ̀.

Fẹ́ǹsì ńkọ́? Ọmọdé ò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kómi tó gbé e, kì í sì í pariwo. Kó yí púùlù ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé ò gbọdọ̀ dúró bí igun kan, kó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, kí géètì máa pa ara ẹ̀ dé, kí ọwọ́ ọmọ má tó ìkọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gbé àga tàbí ìkòkò òdòdó sítòsí ẹ̀. Olóòtú, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń ya àwòrán púùlù fún ojú ìwé ilé kíkọ́ yín, kí wọ́n yéé gé fẹ́ǹsì kúrò nínú àwòrán.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín