Kí a tó pè é ní ẹyẹ àràmàǹdà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù, àwọn èèyàn ń ya ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹyẹ wo nìyí?" Kí onímọ̀ tó dáhùn, ẹnìkan á ti ní ẹyẹ àjẹ́ ni, òkò ló sì máa ń kàn. Ó dùn wá gan-an, torí ẹyẹ tí a mọ̀ dunjú ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni yóò hàn nínú fóònù, ì báà jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ẹ wo ẹ̀gà tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ wa. Akọ tó ń kọ́ ìtẹ́ lọ́wọ́ ní orí dúdú, ara yẹ́lò àti ẹyinjú pupa. Abo kò ní orí dúdú yẹn rárá: àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ló dà pọ̀ lára rẹ̀, ilà dúdúdúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àsìkò ìtẹ́ bá kọjá, akọ á pa ìyẹ́ dà, á wá jọ abo. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni, àwọn èèyàn á sì máa pè é ní mẹ́ta.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ṣé ó tó ológoṣẹ́, àbí àdàbà, àbí kannakánná? Èyí tó ju àdàbà lọ tí kò tó kannakánná, tí orí rẹ̀ dúdú, tí apá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tó ń rìn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tí kì í fò jìnnà kó tó tún já sínú igbó, ẹlúlùú ni, bí kò tiẹ̀ dún.

Lẹ́yìn ìyẹn, àgógó rẹ̀. Èyí tó kúrú tó sì ki, ti ajẹhóró ni: ẹ̀gà, ìbákà, ológoṣẹ́. Èyí tó tín-ín-rín tó sì tẹ̀ díẹ̀, omi òdòdó ló ń fà. Bí apá òkè àgógó náà bá pupa, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀yìn ẹyẹ náà búlúù, ìbátan àwọn ẹyẹ apẹja ni. Ẹ má wá odò kiri o, tata àti kòkòrò ló ń jẹ.

Gbogbo ẹyẹ funfun kọ́ ni lékèélékèé. Àgógó lékèélékèé tó ti dàgbà yẹ́lò. Bí àgógó àti ojúgun bá dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan yẹ́lò, ẹyẹ etí omi ni.

Òwìwí inú àjà ló ń ṣe wá láàánú jù. Bí nǹkan bá ń han lóru, tí ẹ sì rí ojú funfun tó fẹ̀ bí àwo lórí fẹ́ǹsì, tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dúdú, òun ni. Eku ló ń ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ẹyẹ, ẹ kọ́kọ́ yà á níbi tí ẹ dúró sí kí ẹ tó sún mọ́ ọn, torí ó lè fò. Lẹ́yìn náà, ẹ yípo kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín. Kí ewé igi tí a mọ̀ wà nínú àwòrán, ká lè fi mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó wo àwòrán ẹlòmíràn, torí bí ẹ bá ti wò ó tán, ohun tó wà níbẹ̀ lẹ ó máa rò pé ẹ rí.

Olóòtú, bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá wa béèrè ìlú, oṣù àti aago tí wọ́n rí ẹyẹ náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Oṣù ṣe pàtàkì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á ti gba Òkè Ọya lọ. Ẹyẹ tó bá ń gbé òròmọdìẹ yín lóṣù keje, ẹ tún ìrù rẹ̀ wò dáadáa: bí ẹnu ìrù náà kò bá là sí méjì, kì í ṣe àwòdì.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde