Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ ilé

Houston, Texas

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí Bàbá Ìbejì, mo kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ṣé òtútù Maryland ò le jù fún wọn? Lọ́dọ̀ tiwa, ooru ò tíì fi wá sílẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́. Pé ilé méjì ti kọ̀ ọ́ ní Houston nítorí gbèsè àpátímẹ́ǹtì Dallas tẹ́ ẹ kó jáde kí àdéhùn tó pé, pé wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ wọn ò dá a padà, pé o ti fẹ́ kọ̀wé sí ọsibítù tó gbà ọ́ síṣẹ́ níbí pé o ò wá ṣiṣẹ́ náà mọ́. Jọ̀wọ́, má kọ ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ní ojútùú, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó o lè máa padà wò ó.

Má rò pé èèyàn kan ló jókòó tó ní òun ò fẹ́ ọ. Iṣẹ́ ọ́fíìsì àpátímẹ́ǹtì yìí ni mò ń ṣe jẹun, mo mọ bó ṣe ń lọ. Bí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá ti tẹ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà Social Security rẹ, ó di ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ayálégbé. Kò ní pẹ́ tí èsì á fi dé: ẹ gbà á, ẹ gbà á ṣùgbọ́n kó fi kún dìpọ́sítì, tàbí ẹ má gbà á. Ohun tó ń rí kò ju ìyẹn lọ. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, kò mọ̀ pé ẹ ò jẹ owó oṣù kankan títí dọjọ́ tẹ́ ẹ kó jáde. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí mo mọ̀, wọ́n lè gba ẹni tí nọ́ńbà kírẹ́dìtì rẹ̀, èyí tó ń fi bó ṣe ń san gbèsè hàn, ò ju 560 lọ tó bá lè fi owó kún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí i pé ó jẹ ilé mìíràn lówó, tí kò sì tíì san án, ó parí. Nítorí náà, fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kírẹ́dìtì sílẹ̀ ná. Gbèsè Dallas ni ká dojú kọ.

Ìwé àwọn agbowó gbèsè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn, èyí tó o ya fọ́tò rẹ̀, mo jókòó tì í dáadáa. $7,897.50 ni wọ́n ń béèrè. $1,350 lẹ ń san lóṣù, oṣù márùn-ún ló kù nínú àdéhùn: $6,750 nìyẹn. Wọ́n wá lé $1,147.50 sí i, tí wọ́n pè ní reletting charge. Ìdá 85 nínú 100 owó oṣù kan ni, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn tí ọ̀pọ̀ àpátímẹ́ǹtì ń lò ní Texas, fún wàhálà wíwá ayálégbé mìíràn. Mi ò ní ká bá wọn jà lórí ìyẹn. Oṣù márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kó o bi wọ́n léèrè. Òfin Texas (Property Code, abala 91.006) sọ pé bí ayálégbé bá jáde kí àdéhùn tó pé, onílé gbọ́dọ̀ sapá láti rí ẹlòmíràn fi síbẹ̀ kí àdánù má bàa pọ̀, ìwé àdéhùn kankan ò sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé aládùúgbò yín rí ìdílé mìíràn tó kó wọ ilé náà kí oṣù kejì tó parí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń gba owó oṣù mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ rẹ fún? Mi ò sì rí $500 dìpọ́sítì yín nínú ìṣirò wọn rárá. Ó bí mi nínú gan-an.

Kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá kọ̀wé láàárín 30 ọjọ́ tí ìwé wọn tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé o ò gbà pé iye yẹn lo jẹ, òfin ní kí wọ́n dáwọ́ dúró títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Béèrè ọjọ́ tí ayálégbé tuntun wọlé, béèrè ibi tí dìpọ́sítì rẹ wọlé sí. Fi certified mail rán an, kó o tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ ṣáá bí ẹni tó wá dógò tì ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, má ṣèlérí owó kankan lórí fóònù.

Bí iye náà bá ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ, a óò wá owó. Àjọ tẹ́ ẹ̀ ń dá lọ́dọ̀ yín yẹn, tó bá kàn ọ́, jọ̀wọ́ fi í pa mọ́ fún èyí. Wọ́n sábà máa ń gba iye tó dín díẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lo fẹ́ san án. Ṣùgbọ́n gba àdéhùn wọn nínú ìwé kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n máa fà á látinú àkáǹtì rẹ fúnra wọn. Tó o bá ti san tán, gba lẹ́tà pé o ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́.

Lẹ́tà yẹn lágbára, Ìyá Ìbejì. Obìnrin kan wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú fáìlì búlúù lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti kọ̀ ọ́. Lẹ́tà pé ó ti san gbèsè ilé tó ti jáde ló wà lókè, ìwé owó oṣù rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó háyà yàrá fún un pé kì í jẹ owó. Ọ̀gá wa dúró kà á lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà náà lójú gbogbo wa, ó sì ní kí obìnrin náà san dìpọ́sítì ìlọ́po méjì kó máa kó ẹrù bọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àkọsílẹ̀ gbèsè lè pẹ́ tó ọdún 7 nínú ìwé kírẹ́dìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ti san tiẹ̀ tán kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ṣì jẹ ẹ́.

Àwọn ilé méjì tó kọ̀ ọ́ ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n sọ fún ọ bó bá jẹ́ ìwádìí ayálégbé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. O ní 60 ọjọ́ láti gba ẹ̀dà tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbà á, torí ohun tó wà níbẹ̀ lè má sí nínú ti Equifax, Experian àti TransUnion, iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú ìwé kírẹ́dìtì, tó o lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní AnnualCreditReport.com. Wò ó bóyá wọ́n kọ eviction, pé wọ́n gba kóòtù lé ọ jáde nílé, mọ́ orúkọ rẹ. Ẹ ò dé kóòtù rí, ẹ kó jáde fúnra yín, ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, irọ́ ni, ta kò ó lójú ẹsẹ̀. Tún rántí bóyá wọ́n fún ọ ní ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń yan ayálégbé nígbà tó o gba fọ́ọ̀mù. Bí wọn ò bá fún ọ, òfin Texas ní kí wọ́n dá owó fọ́ọ̀mù rẹ padà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ka ìwé ìlànà yẹn kó o tó san owó fọ́ọ̀mù níbikíbi. Àwọn apartment locator, tó ń báni wá àpátímẹ́ǹtì, wà níbí tó mọ ilé tó ń gba ẹni tó ní gbèsè ilé lọ́rùn. Àpátímẹ́ǹtì ló ń sanwó fún wọn, má fún wọn ní nǹkan kan. Àwọn èèyàn wa náà ní ilé ní apá Alief ní Houston tí wọ́n ń háyà fúnra wọn. Bó o bá rí ọ̀kan, wo orúkọ onílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì Harris Central Appraisal District, ọ́fíìsì tó ń ṣírò iye ilé níbí, kó o tó fowó ránṣẹ́.

Ẹni tó ní òun lè ta nọ́ńbà tuntun fún ọ láti fi rọ́pò Social Security rẹ, tí wọ́n ń pè ní CPN, sá fún un pátápátá. Nọ́ńbà ọmọdé tàbí ti òkú ni wọ́n sábà máa ń jí tà, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú lílò ó.

Bó bá di pé wọ́n ní kí ẹnì kan dúró fún ọ, èmi yóò dúró. Mo ti bá Bàbá Tọ́míwá sọ ọ́, ó gbà. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ kí ilé tó jáde, ọ̀dọ̀ wa ni kí o máa bọ̀. Tọ́míwá á bá àbúrò rẹ̀ sùn.

Kọ ìwé sí àwọn agbowó gbèsè yẹn, kó o fi í hàn mí kó o tó rán an. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tọ́míwá