Tanwíjí wà lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń há "larva" sórí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni mo bá ọmọ ọmọ mi tó wà ní SS2 níbi tó ti ń ka báyọ́lọ́jì: ẹyin, larva, "pupa" (ìpele tó kẹ́yìn kó tó di ẹ̀fọn), ẹ̀fọn. Ó ń kà á wuuru bí ẹni ń ki oríkì. Mo ní ṣé ó ti rí larva rí. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Tíṣà wa ló yà á sójú bọ́ọ̀dù." Mo mú un lọ sídìí táyà àtijọ́ kan tó gba omi òjò dúró lẹ́yìnkùlé. (Mo ti da omi ọ̀hún nù, ẹ má bú mi.) Tanwíjí kún inú rẹ̀ bámú. Ọmọ yìí mọ tanwíjí láti kékeré, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun náà ni larva tó ń há sórí.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Máíkírósíkópù kan ṣoṣo la ní, kò sì ríran dáadáa. Inú ìgò ni mo máa ń bu tanwíjí sí, a ó fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀, a ó gbé e sójú fèrèsé. Ti ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri a máa sùn gbalaja sójú omi. Ti Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, a dorí kodò, a yọ ìdí sókè láti fi mí. Ẹ kan ìgò náà pẹ́rẹ́, gbogbo wọn a rì lọ sísàlẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí èyí kì í gbàgbé. Ojú màlúù tí a fi ń kọ́ wọn nípa ẹ̀yà ojú ńkọ́? Ọwọ́ alápatà la ti ń gbà á.

Nílé ìwé ọmọ yìí, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti máíkírósíkópù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó di ìgbà tí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan specimen, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe pírátíkà. Bẹ́ẹ̀, máàkì 80 ló wà fún pírátíkà báyọ́lọ́jì, nígbà tí objective, ìyẹn ìbéèrè tí a ń yan ìdáhùn sí, jẹ́ 50. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí eegun ẹ̀yìn ehoro lọ́jọ́ yẹn, kí ló fẹ́ kọ?

N kò dá tíṣà lẹ́bi; kíláàsì ti kún jù. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé ni mo ń bi: owó pírátíkà tí à ń san láti SS1, kí lẹ fi ń rà?

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.