Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ ní Yola

Ṣómólú, Èkó.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì fóònù mi ló ń kú lọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun ni mi ò ṣe fèsì tó gún. O ní báńkì yín ń dín òṣìṣẹ́ kù, o sì fẹ́ pa iṣẹ́ owó tì, kí o lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ kóòdù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ ná.

O rántí bí àyà mi ṣe já nígbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ orí ayélujára tó ń bá èèyàn kọ̀wé, dé ní ìparí ọdún 2022. Èmi tí mò ń ṣètò ìwé fún àwọn atẹ̀wé, mo ní ó ti parí fún mi nìyẹn. Lóòótọ́, àwọn oníbàárà kan kò yà mọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá, ẹ̀rọ orí fóònù ló bá a ṣe é. Ó dára lójú fóònù o! Ìgbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ojú ìyá di bàìbàì, orúkọ rẹ̀ sì sún mọ́ etí bébà débi pé ẹ̀rọ tó ń gé bébà yóò gé lẹ́tà méjì lọ. Oríkì màmá, Àbẹ̀kẹ́, "Abékè" ni wọ́n kọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu, torí ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀. Owó tí mo gbà láti tún un ṣe ju èyí tí ǹ bá gbà ká ní èmi ni mo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà nídìí káńtà. O mọ alẹ́ẹ̀tì ayédèrú, o mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó tí kò bá ìwé mu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níbí, atẹ̀wé kan á máa gba owó sí àkáǹtì mẹ́ta, POS lọ́tọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ariwo ta ló ti sanwó ni. Ọlọ́jà irú wọn kò lè wọ́n ní Yola. Mú ẹnì kan, bá a to ìṣirò oṣù kan, kó fojú rí i. Kọ́ Excel tí a fi ń to ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe irú èyí tí gbogbo wa ń kọ sínú CV. Bí kóòdù bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pè ọ́ sí ìntáfíù iṣẹ́ tí o kò béèrè, má lọ. Àbúrò mi wọ ẹ̀wù kóòtù lọ sí ọ̀kan ní Ìkẹjà nínú oòrùn, tíì tó ń wo gbogbo àrùn sàn ni wọ́n ní kó rà, kó máa tà. Títí di òní a ń pè é ní Dókítà.

Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Ó fún mi lápá díẹ̀, mo ti gbé e fún télọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí