Owó tréníìnì fún àwọn tó ń fín kòkó dà?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo dé oko bàbá mi lọ́nà Ìdànrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọkùnrin tó ń bá wa fín kòkó, sínglẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, kò sí ìbọ̀wọ́ kò sí ìbomú, igi ló fi ń ro kẹ́míkà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹnu ẹ̀rọ dí, ó yọ ọ́ ó sì fẹnu fẹ́ ẹ! Mo pariwo, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ́ wa lára." Ike kẹ́míkà náà ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ ti fọ̀ ọ́, epo pupa ló rọ sí i.

NAFDAC ti fòfin de paraquat, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa koríko, láti January 2024, atrazine tóun náà ń pa koríko tẹ̀lé e ní 2025, ó dáa, àmọ́ ta ló wá sọ fáwọn tó wà lóko? Òyìnbó ni wọ́n kọ sára ike, lẹ́tà ẹ̀ ò ju ẹyin iná orí lọ.

Ní Amẹ́ríkà, nínú owó tí àwọn kọ́ńpìnì ń san láti rẹ́jístà kẹ́míkà wọn ni ìjọba ti ń yọ owó tí wọ́n fi ń kọ́ àgbẹ̀ àti lébìrà. Kí ló dé táwa náà ò lè ṣe é? Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ya owó tiẹ̀ sọ́tọ̀, kì í ṣe ti sẹ́mínà inú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń jẹ ráìsì o, oko ni kí wọ́n wá, kí wọ́n fi èdè wa kọ́ wọn, kí wọ́n sì kó ìbọ̀wọ́ àti bùútù dání. Òjò ti dé, wọ́n ti ń fín in.

Ọmọ àgbẹ̀ kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.